Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Ẹ̀rù

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́wọ́ mi ní oṣù kìíní ọdún 2009. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí nílé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn nígbà náà. Barack Obama ń múra àtibúra wọlé ní Amẹ́ríkà, ẹnu gbogbo ìlú sì wà lórí rẹ̀, ni ọ̀gá wa bá ní ká ṣe ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ààrẹ ibẹ̀ máa ń sọ lọ́jọ́ ìbúra. Wọ́n pín in láàrin wa. Èyí tí Franklin Roosevelt sọ lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1933 ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kí n tú u sí Yorùbá, kí n kà á lórí afẹ́fẹ́, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo pè é. Ọ̀rọ̀ náà kò pé ẹgbẹ̀rún méjì, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló sì fi sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo tó yẹ ká bẹ̀rù ni ẹ̀rù fúnra rẹ̀. Mo kà á síta. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n gba ìwọ̀n rẹ̀ lára ẹlòmíràn.

Nínú èdè wa, ẹ̀rù ló máa ń bani. Òun ló ń ṣiṣẹ́, ara èèyàn ló ń gbà á. Ẹ̀rù bà mí, jìnnìjìnnì bò mí, ìpayà mú mi: nínú gbogbo wọn, ohun kan ló ti ibì kan wá bà lé èèyàn lórí. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní bẹ̀rù sì ti gbé ẹ̀rù pọ̀n tẹ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá ní ká bẹ̀rù ẹ̀rù, ńṣe ló dà bíi pé mo ń kólòlò. Mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé sí mi lọ́kàn: "Kò sí ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù, àfi ẹ̀rù tó ń bà wá yìí gan-an." Mo nu ọwọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí jọ ohun tí bàbá kan lè sọ fún ará ilé rẹ̀ lóru nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró lẹ́yìn fèrèsé.

Ó tún ku wàhálà kan. Ẹni tó ń kàwé ń rí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù, ẹrù, ẹrú, ẹ̀rú: ohùn nìkan ló là wọ́n níjà. Nígbà tí a kọ́kọ́ gba ohùn mi sílẹ̀, ó ti rẹ̀ mí, mo ń sáré kí n lè parí. Ọmọkùnrin tó ń ṣe kòkáárí ẹ̀rọ bọ́ ohun tó fi dé etí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù lẹ pè é o." A tún un ṣe. Mo sinmi díẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, mo sì jẹ́ kí ohùn náà wálẹ̀ bó ṣe yẹ kó wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí dòní, mi ò ka ìwé kankan lórí afẹ́fẹ́ tí mi ò kọ́kọ́ fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn lè sọ di nǹkan mìíràn.

Ìgbà yẹn ló wá wù mí láti mọ ẹni tó kọ gbólóhùn náà gan-an. Raymond Moley, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Columbia, ló kọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kejì, nínú ilé Roosevelt ní Hyde Park, Roosevelt jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé tirẹ̀. Nígbà tó parí, Moley ju ti ọwọ́ rẹ̀ sínú iná, kí ọ̀rọ̀ náà lè di ti ẹni tí yóò sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Louis Howe, ọ̀rẹ́ Roosevelt tó ti ń bá a bọ̀ nínú òṣèlú láti ọdún pípẹ́, fi gbólóhùn ẹ̀rù yẹn kún un. Kódà lọ́jọ́ ìbúra gan-an, níbi tí Roosevelt jókòó dè wọ́n nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tún mú bírò, ó kọ gbólóhùn tuntun sókè ìwé náà pé ọjọ́ ìyàsímímọ́ orílẹ̀-èdè ni ọjọ́ yìí.

Mo ro ìyẹn gan-an. Èmi náà ti bá ẹnì kan tó wà nípò kọ ọ̀rọ̀ rí. Ìgbà tó dúró síwájú èrò ló kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ. Gbogbo ibi tí mo ti fi òwe sí ló ti kọsẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wo ara wọn lójú. Ìtìjú bá mi nínú ìjókòó mi lẹ́yìn, torí mo mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi wà ńbẹ̀: èdè ẹnu mi ni mo kọ, mi ò kọ ti ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn Hyde Park ni mo ti máa ń bẹ ẹni tí mo bá bá kọ ọ̀rọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ kó tó lọ síta. Àwọn kan gbà. Àwọn tó gbà, ó máa ń hàn lóhùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ọjọ́ Sátidé ni, níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, ojú ọjọ́ ṣú, òtútù mú. Adájọ́ àgbà Charles Evans Hughes ló búra fún un, lórí Bíbélì èdè Dutch tó jẹ́ ti ìdílé wọn, tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1686, tí wọ́n ṣí sí ìwé Kọ́ríńtì kìíní orí kẹtàlá, ibi ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ní àkókò yẹn, bí a bá kó òṣìṣẹ́ mẹ́rin jọ ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máà níṣẹ́ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbúra náà, àwọn gómìnà New York àti Illinois ti pàṣẹ pé kí báńkì wọn tilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Àwọn èèyàn ti ń tò síwájú báńkì láti gba owó wọn jáde, bí wọ́n sì ṣe ń gbà á ni báńkì ń ṣubú, bí báńkì ṣe ń ṣubú ni àwọn mìíràn tún ń sáré wá tò.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti kúrò ní iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi. Màámi ń ta aṣọ ní Gbági. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Nàìjíríà, èyí tí màámi ń fi owó ọjà sí wà nínú wọn. Kó tó di ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kó lọ kó padà wá. Mo tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, mo rántí bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń jókòó sórí pépà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì jáde wá bá wọn sọ gbólóhùn kan. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó àwọn èèyàn ní báńkì, san ₦50,000 fún un nígbà tó yá, torí pé ibẹ̀ ni òfin fi mọ. Ìyókù di ìwé. Ó tọ́jú ìwé báńkì náà sínú agolo bísíkíìtì kan, ó sì ń kó owó rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí mo ka ibi tí Roosevelt ti ní àwọn tó ń fi owó ṣe pàṣípààrọ̀ ti sá kúrò lórí ìjókòó gíga wọn nínú tẹ́ḿpìlì, mi ò nílò ìwé atúmọ̀ èdè. Mo rí ẹ̀ṣọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyókù gbólóhùn ẹ̀rù ló tún dá mi dúró. Roosevelt kò dúró gba àtẹ́wọ́ níbẹ̀, ó tẹ̀ síwájú: ìpayà tí kò lórúkọ, tí kò nírònú, tí kò nídìí, tó ń ṣe nǹkan kan sí gbogbo ìsapá wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lò fún ohun tí ìpayà náà ń ṣe, mo kọ́kọ́ fi "ń dí wa lọ́wọ́" tú u. Kò tó. Mo wá kọ ọ́ pé "tó ń rọ wá lápá, tó ń rọ wá lẹ́sẹ̀," bírò mi sì dúró. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni à ń pe àrùn náà. Gbogbo ìyá tó ti ya ẹnu ọmọ rẹ̀ kí wọ́n kán oògùn sí i ló mọ orúkọ yẹn. Àrùn yẹn gan-an ló sì mú Roosevelt lọ́dún 1921, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 39, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Irin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra, apá James ọmọ rẹ̀ ló dì mú rìn dé ibi tó ti sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lórí rédíò kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan tó dúró ṣinṣin ni wọ́n gbọ́.

Mi ò mọ èdè mìíràn tí gbólóhùn yẹn ti lè wúwo tó báyìí. Yorùbá ti fi orúkọ àìsàn ọkùnrin náà sínú ẹnu rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó sì tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé kò tíì pé ogún ọjọ́ tí Giuseppe Zangara yìnbọn sí i ní Miami. Ìbọn náà kò bá a, ó bá Anton Cermak, olórí ìlú Chicago, tó ṣì wà lórí àìsàn lọ́jọ́ ìbúra, tó sì kú lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹta. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù yìí mọ ojú ẹ̀rù.

Kò pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gba afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí Warren Harding búra ní 1921, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn lọ sókè fún àwọn tó pé jọ ni wọ́n ní. Calvin Coolidge, ní 1925, ni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ lọ lórí rédíò. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1930, nǹkan bí ìdílé mílíọ̀nù méjìlá ní Amẹ́ríkà ló ní rédíò nílé, ìyẹn nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1935 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa wáyà àpótí rédíò wọ àwọn ilé ní Èkó. Àwọn bàbá wa pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dá a lóhùn.

Orúkọ yẹn kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, pàápàá nígbà tí mo dé apá ìparí ọ̀rọ̀ Roosevelt. Ó ní bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò bá gbé ìgbésẹ̀, òun yóò béèrè ohun kan tó kù: agbára gbígbòòrò láti gbógun ti ìnira náà, agbára tó tó èyí tí wọn ì bá fún òun bí ọ̀tá láti ilẹ̀ mìíràn bá ya wọ ìlú. Ibẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti pọ̀ jù. Eleanor, ìyàwó rẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ náà dẹ́rù bani díẹ̀.

Ó bà mí lẹ́rù náà. Orílẹ̀-èdè tí mo dàgbà sí, orin ológun lórí rédíò láàárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń sọ fún wa pé ìjọba ti yí. Bàbá mi kì í yé sọ nípa òpin ọdún 1983, bí wọ́n ṣe ń múra ọdún tuntun, tí ohùn ọ̀gágun kan sì wọlé láti inú àpótí pé wọ́n ti gbàjọba. Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ní 1933 yẹn náà, oṣù kan ṣáájú ìbúra Roosevelt, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, Adolf Hitler ti bá gbogbo Jámánì sọ̀rọ̀ lórí rédíò gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba tuntun, òun náà ń sọ̀rọ̀ ìnira àti ìgbàlà. Kí oṣù kẹta tó parí, òfin kan ti gba agbára ìṣòfin lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ibẹ̀, ó kó o fún un. Irú ẹ̀rọ kan náà ni, irú ebi kan náà ni. Mo wo ọ̀rọ̀ Roosevelt títí, ohun tí mo dìrọ̀ mọ́ ni pé ó ní òun yóò béèrè. Mo rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà dún dáadáa nínú ìtumọ̀ mi.

Ohun kan dùn mí, mo sì sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, torí ọ̀sẹ̀ Obama la wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Roosevelt kò dárúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí ìyà náà ń jẹ jù. Nígbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì sì dé ní 1935, wọ́n yọ òṣìṣẹ́ oko àti ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dáadáa lè fi àwọn kan sílẹ̀ síta, ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a pa ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Nígbà tí a wọn gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ètò wa pé. Ọ̀gá ní kí n wá nǹkan fi dí i. Mo lọ mú ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí Roosevelt bá wọn sọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù kẹta, ní aago mẹ́wàá, lẹ́yìn tó ti ní kí gbogbo báńkì orílẹ̀-èdè tilẹ̀kùn ná. Mo tú u láàrin wákàtí méjì. Kò sí gbólóhùn ńlá kankan nínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa báńkì. Ó ní bí èèyàn bá fi owó sí báńkì, báńkì kì í tì í mọ́ inú àpótí irin kan. Ó ń fi ṣòwò ni, ó ń yá àwọn ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí báńkì tó lè kó owó gbogbo èèyàn jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣàlàyé èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣí, èyí tí yóò tẹ̀ lé e, àti ìdí rẹ̀. Ó ní ó sàn kí owó wọn wà ní báńkì tó tún ṣí ju kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù èèyàn ló gbọ́ ọ. Nígbà tí báńkì ṣí lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn tún tò, owó ni wọ́n ń kó padà wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì, nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìbúra nìkan, lẹ́tà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù ló ti dé ọ̀dọ̀ ààrẹ.

Ètò náà lọ lórí afẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo lọ gbọ́ ọ nílé màámi. Mo ń retí gbólóhùn mi, ìyẹn gbólóhùn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó dé, màámi ń ká aṣọ, kò gbórí sókè. Ó ní ohùn mi dára, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó di ibi ọ̀rọ̀ báńkì ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi aṣọ sílẹ̀. Ó jókòó ti rédíò títí ètò fi parí.

"Àwọn tó gbà á gbọ́ tí wọ́n kówó padà," ó ní, "ṣé owó wọn pé?"

Mo ní ti àwọn tí báńkì wọn tún ṣí pé. Mo ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin báńkì ló ṣubú lọ́dún náà, àwọn oníbàárà wọn sì pàdánù. Mo ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé kí ìjọba máa dúró fún owó àwọn èèyàn ní báńkì, tó fi jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 1934, bí báńkì bá kú, wọn óò san án padà títí dé $2,500. Irú èyí tí NDIC san fún yín náà ni, mà.

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ìwé tí mo kà wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú báàgì mi. Ó ní kí n tún ibi tó ti sọ ohun tí báńkì ń fi owó ṣe kà fún òun, kí n má sáré. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo parí lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ọdún kọkànlá rèé," ó ní. "Ẹnì kan ò sọ èyí fún wa."